Ọ̀gá mi fẹ́ fi ọ́fíìsì lé mi lọ́wọ́: ṣé kí n dúró ti iṣẹ́ Legal Aid ní Skọ́tlándì, àbí kí n lọ sí Crown Office?

Àdùkẹ́_Fife

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ òfin, mo kí yín o. Mo ń parí ọdún kejì ìkọ́ṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kékeré kan ní Fife. Ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹjọ́ ìdílé ni a ń ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé sì jẹ́ ti Legal Aid, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún agbẹjọ́rò ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Ọ̀gá mi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé òun kò rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, àti pé bí mo bá dúró ti òun fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo bá gba ìwé àṣẹ mi ní kíkún, òun yóò máa fi ọ́fíìsì náà lé mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe Diploma, ẹ̀kọ́ òfin tó ṣáájú ìkọ́ṣẹ́, ti wà ní Crown Office, níbi tí wọ́n ti ń bá ìjọba pe ẹjọ́, owó oṣù wọn sì ju ohun tí ọ̀gá mi lè san lọ dáadáa. Mo fẹ́ràn kóòtù, mo sì fẹ́ràn láti dúró ti ẹni tí gbogbo ìlú ti dá lẹ́bi kí ẹjọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn mi, n kò sì fẹ́ jogún ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Akin_Fiscal

Àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú àánú mú ọ jẹ gbèsè. Mo ti gbèjà olùjẹ́jọ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó kọjá sí ọ̀dọ̀ Procurator Fiscal, ìyẹn olùpẹ̀jọ́ ìjọba. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú owó oṣù àwọn agbẹjọ́rò Crown Office bá ti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Skọ́tlándì yòókù dọ́gba, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ ni wọ́n ti fi ọ́fíìsì kéékèèké sílẹ̀ wá bá wa, n kò sì rí èyí tó ń padà nínú wọn. Owó ìfẹ̀yìntì wà, ìsinmi ìbímọ wà tòun ti owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè ọ́ ní aago méjì òru pé kí o máa bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré o. Àwọn ẹjọ́ tó kóra jọ nígbà àrùn Kòrónà ṣì ń dà wá láàmú, fáìlì tí èèyàn yóò kà kí ó tó wọ kóòtù láàárọ̀ sì máa ń pọ̀ ju agbára lọ. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, bí kò sún un, owó oṣù rẹ yóò wọlé.

Àgbà_Paisley

Akin, òótọ́ ni ohun tí o sọ nípa owó, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tó fà á fún ọmọ yìí. Bí kò bá mọ ohun tó fà á, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lè yí padà.

Ní ọdún 1999, ìjọba sọ owó Legal Aid fún ẹjọ́ ọ̀daràn tí adájọ́ Sheriff, ìyẹn adájọ́ agbègbè, ń gbọ́ láìsí júrì (àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́) di iye kan pàtó, £500, èyí tó kó gbogbo iṣẹ́ mọ́ra láti ìgbà tí oníbàárà bá ti wọlé títí a ó fi bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́ gan-an. Ẹlẹ́rìí ìbáà jẹ́ méjì, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, iye kan náà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ owó ilé, owó iná àti owó akọ̀wé ń gòkè lọ́dọọdún. Nígbà tó di 2010, ẹjọ́ Cadder dé. Kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní London tó dá ẹjọ́ yẹn, ọlọ́pàá Skọ́tlándì lè fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu wò fún wákàtí mẹ́fà láìjẹ́ kí ó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ tó dára ni ẹjọ́ náà fún ará ìlú, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ àwa ni ẹ̀tọ́ náà ń jí lóru.

Wọ́n tún ti ilé-ẹjọ́ Sheriff mẹ́wàá pa láàárín 2013 sí 2015. Ìwọ tí o wà ní Fife mọ̀ pé Cupar wà lára wọn, àti pé Dundee ni wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní àwọn ìlú tó jìnnà síra, irú Dornoch àti Kirkcudbright, agbẹjọ́rò tó ń rìn dé kóòtù láti ọ́fíìsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń fi ìdajì òwúrọ̀ wa mọ́tò, kò sì sí ẹni tó ń ro wákàtí yẹn mọ́ iye owó tó tọ́ sí i.

Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Kí àpérò àgbáyé COP26 lórí ojú ọjọ́ tó wáyé ní Glasgow ní 2021, a halẹ̀ pé a kò ní ṣe iṣẹ́ àfikún tí ìjọba ń retí. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò láti ìlú dé ìlú kọ̀ láti gba ẹjọ́ tuntun lábẹ́ apá kìíní òfin ìwà ipá inú ilé ti ọdún 2018, torí pé ẹjọ́ irú bẹ́ẹ̀ lè ní ìtàn ọdún mẹ́wàá nínú, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹjọ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fi nǹkan bí 10% kún owó náà ní 2023. Àdùkẹ́, kíyè sí bí àfikún yẹn ṣe wá. Kò sí ètò kan tó ń wo ọjà lọ́dọọdún kí ó sì tún owó wa ṣe. Ìgbà tí a bá yari ni wọ́n ń dá wa lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ́fíìsì Legal Aid gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú owó báyìí ni yóò máa gbé bùkátà rẹ̀ lé.

Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kí o dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀dọ́ tó pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 2021, wọ́n gbé £1 mílíọ̀nù kalẹ̀ láti bá àwọn ọ́fíìsì Legal Aid san owó akọ́ṣẹ́ tó tó ogójì. Ní ìlú tí agbẹjọ́rò ọ̀daràn kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ, ẹni tó bá kù yóò ríṣẹ́ ṣe. Àmọ́ má gba ìlérí ẹnu lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ o.

Tòkunbọ̀_Glasgow

Ẹ má bínú, ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe bíi pé ibi méjì péré ló wà tí agbẹjọ́rò lè jókòó sí. Ẹ wo ibi tí owó wà. McGrigors darapọ̀ mọ́ Pinsent Masons ní 2012, Dundas & Wilson wọ inú CMS ní 2014, Maclay Murray & Spens di ara Dentons ní 2017. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti London àti òkè òkun ti wọ Edinburgh àti Glasgow, wọ́n ń wá ènìyàn fún iṣẹ́ agbára afẹ́fẹ́, ilé gbígbé àti owó ìdókòwò. Àdùkẹ́, jáde kúrò nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ṣe ìdánwò SQE, kí o lè ṣiṣẹ́ ní London àti níbí pẹ̀lú. Bí o bá sì kọ̀ tí o ní ọ́fíìsì yẹn ni o fẹ́, ó dára, gbà á: òfin tuntun ti gba àkóso iṣẹ́ wa lọ́wọ́ Law Society, ẹgbẹ́ àwọn sọlísítọ̀ Skọ́tlándì, ó sì ti jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò ra ọ́fíìsì. O lè tà á fún olówó lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen

Tòkunbọ̀, ẹ rọra. SQE kò ṣí ilẹ̀kùn kóòtù Skọ́tlándì fún ẹnikẹ́ni. Ìdánwò ti Ẹ́ngílándì àti Wéèlsì ni, láti 2021 sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí Skọ́tlándì ti fún ní ìwé àṣẹ lè béèrè pé kí wọ́n yọ̀ǹda apá kan ìdánwò náà fún òun bí ó bá fẹ́ lọ sí London, àmọ́ SQE nìkan kò lè sọ èèyàn di sọlísítọ̀ níbí. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ará ilé tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti Nàìjíríà, tí àwọn kan ti gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Nàìjíríà ni wọ́n ti pè mí sí iṣẹ́ òfin. Nígbà tí iṣẹ́ epo gbé ọkọ mi wá sí Aberdeen, Qualified Lawyers Assessment ti Law Society of Scotland ni mo ṣe. Òfin ilẹ̀ àti ogún jíjẹ níbí yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa nílé, nítorí náà bí ẹni bẹ̀rẹ̀ tuntun ni mo ṣe ka apá yẹn.

Àdùkẹ́, o kò sọ bí ìwé ìgbélùú rẹ ṣe rí. Bí fisa Skilled Worker bá ni, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ti parí kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí láti oṣù Keje 2025, owó ọdún tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di £41,700. Ó dín sí i fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré ni kò tilẹ̀ ní àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ oní-fisa.

Nípa ẹjọ́ ìdílé, ohun tí Àgbà Paisley sọ nípa ẹjọ́ ọ̀daràn kan àwa náà, bóyá ó tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Skọ́tlándì, ẹni tí owó tó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìnáwó pàtàkì kò ju £26,239 lọ lọ́dún ṣì lè béèrè fún Legal Aid nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Lórí ìwé, ẹ̀tọ́ náà gbòòrò. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sá kúrò nílé ọkọ yóò pe ọ́fíìsì kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wọn yóò sì ní àwọn kò gba Legal Aid mọ́, tàbí pé àyè kò sí. Mo ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ láti erékùṣù. N kò lè gba gbogbo wọn. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí Àgbà ni pé n kò rò pé ọmọ tó ní gbèsè ló yẹ kí ó fi ara rẹ̀ dí ihò tí ìjọba gbẹ́. Ṣé o ti wo Public Defence Solicitors' Office? Láti 1998 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ni wọ́n ń gbèjà, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà.

Àgbà_Paisley

Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ agbẹjọ́rò tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ Legal Aid Board, àjọ tó ń san owó Legal Aid, tó sì ń bá ìjọba kan náà jà ní kóòtù, kò tíì yé mi di òní olónìí. Àwọn tó ń ṣe é mọṣẹ́, n kò bá wọn jà. Ọ́fíìsì wọn kéré níye, wọn kò sì lè borí àìtó tí à ń sọ.

Olùkọ́_Òfin

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀ ṣe nípa òfin tuntun, nítorí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ní 2018, Esther Roberton, ẹni tí ìjọba ní kí ó yẹ ètò àkóso iṣẹ́ òfin wò, dámọ̀ràn pé kí àjọ kan ṣoṣo tó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, máa ṣàkóso gbogbo wa. Ìjọba kò gba àbá yẹn. Àbádòfin tí wọ́n gbé wá sí Holyrood, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì, ní 2023 fi Law Society sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso àwọn sọlísítọ̀, ó sì fi Faculty of Advocates sílẹ̀ fún àwọn advocate, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò tó ń rojọ́ ní kóòtù àgbà, ṣùgbọ́n ó fi ìlànà tó le sí i àti ìjíhìn ní gbangba kún iṣẹ́ wọn. Ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2025. Nítorí náà, kò sí ẹni tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ Law Society.

Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ gan-an ni pé àbádòfin ti àkọ́kọ́ fún àwọn mínísítà lágbára láti tọwọ́ bọ àkóso agbẹjọ́rò. Lord President, olórí àwọn adájọ́ Skọ́tlándì, àtàwọn adájọ́ àgbà mìíràn kọ̀wé ta kò ó, wọ́n ní bí ìjọba bá ń darí agbẹjọ́rò, ta ni yóò bá ará ìlú pe ìjọba lẹ́jọ́? Ìjọba gbà, wọ́n yọ agbára náà kúrò tàbí kí wọ́n gbé e sí ọwọ́ Lord President. Lójú tèmi, ìṣẹ́gun tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣojú oníbàárà kò fẹ́ràn bí àgbà iṣẹ́ ṣe ń ṣàkóso ara wọn síbẹ̀síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títà ọ́fíìsì ńkọ́? Òfin ọdún 2010 ti kọ́kọ́ sọ pé ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò lè ní ìpín nínú ọ́fíìsì, bí 51% bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò tàbí àwọn oníṣẹ́ mìíràn tó wà lábẹ́ àkóso. Ètò náà kò gbéra nílẹ̀. Òfin 2025 sọ 51% yẹn di 10%. Ó tún ṣí ọ̀nà fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ibùdó ìmọ̀ràn láti gba agbẹjọ́rò síṣẹ́ kí ó lè ṣe ẹjọ́ fún àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ṣì nílò ìlànà abẹ́ òfin kí ó tó ṣeé lò.

Tòkunbọ̀_Glasgow

Olùkọ́, mo ti gbọ́ ti Law Society. Ṣùgbọ́n 10% tí ẹ sọ yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí olówó bá lè ní 90% ọ́fíìsì, ọ́fíìsì tó ní oníbàárà láti ìran dé ìran ní ìlú kékeré ti di ohun tí ẹnìkan lè fẹ́ rà.

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen

Kí ni olówó fẹ́ fi Legal Aid ṣe? Ilé títà, ìwé ìpíngún àti ẹjọ́ ìjàm̀bá ni wọn yóò rà. Wọn yóò ti yàrá ẹjọ́ ọ̀daràn pa kí oṣù kan tó parí.

Ṣẹ́gun_Dundee

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti mú júrì kúrò nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀. Ṣé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò ní dín kù ni?

Akin_Fiscal

Rárá, Ṣẹ́gun. Ìjọba fẹ́ dán ìgbẹ́jọ́ tí adájọ́ nìkan yóò gbọ́ wò. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ láti gbogbo agbègbè sọ pé àwọn kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i, ìjọba sì yọ ọ́ kúrò nínú àbádòfin náà kí ó tó kọjá ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó fòpin sí ìdájọ́ Not Proven, èyí tó ń dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ láìsọ pé ó mọ́, ó sì sọ pé nínú júrì ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán ẹni mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè dá ènìyàn lẹ́bi. Tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́jọ ti tó. Ó tún dá kóòtù kan sílẹ̀ fún ẹ̀sùn ìbálòpọ̀. Bí mo ṣe rí i, àwa olùpẹ̀jọ́ ni ẹni mẹ́wàá yẹn yóò ni lára.

Àgbà_Paisley

Ẹ̀yin ni yóò ni lára, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa náà pàdánù ìdájọ́ tí a ti ń lò fún ọ̀rúndún mẹ́ta. Oníbàárà tí júrì kò gba ẹ̀rí ìjọba gbọ́ tán, tí wọn kò sì fẹ́ sọ pé ó mọ́, níbo ni yóò bọ́ sí báyìí? A óò rí i ní kóòtù. Ṣẹ́gun, iṣẹ́ kò ní dín kù.

Àdùkẹ́_Fife

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, mo ti ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, nítorí náà fisa kì í ṣe ìṣòro mi. Bí mo bá fẹ́ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, kí ni kí n béèrè?

Àgbà_Paisley

Béèrè fún ìṣirò owó ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe èyí tó fi ẹnu sọ. Wo iye tí Legal Aid Board ṣì jẹ ọ́fíìsì náà fún iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, torí owó yẹn ni yóò sọ fún ọ bóyá wọn yóò lè san owó oṣù ní oṣù mẹ́ta sí i. Wo bí ọ́fíìsì náà ṣe rí lábẹ́ Master Policy, ìyẹn ìbánigbófò tí gbogbo ọ́fíìsì wa gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: bí oníbàárà bá ti pè wọ́n lẹ́jọ́ àìbìkítà rí, owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún yóò ti gòkè. Lẹ́yìn náà, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ìwé ìpíngún tí wọ́n ti bá àwọn ará ìlú pamọ́ láti ọdún gbọgbọrọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ń sanwó wà. Ẹni tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló máa ń bá wa gbé ẹrù Legal Aid.

Olùkọ́_Òfin

Kí o sì pe Law Society fúnra rẹ láti mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di olórí ọ́fíìsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Practice Management Course, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń darí ọ́fíìsì, wà lára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ lè ti gbàgbé, nítorí ó ti pẹ́ tó ti kọjá níbẹ̀.

Akin_Fiscal

N kò yí ohùn padà o. Crown Office yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta òní, ìrírí tí o bá ní ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ yóò sì wúlò fún wa. Bí o bá dúró, má fọwọ́ sí ìwé tó ní kí o má ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò mìíràn ní Fife lẹ́yìn tí o bá kúrò.

Ìyá_Ìbejì_Aberdeen

Ohun kan kù. Àwa obìnrin ti ju ìdajì lọ nínú àwọn sọlísítọ̀ Skọ́tlándì, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ni ọ́fíìsì, ọkùnrin ló ṣì pọ̀ jù, nítorí náà ìpín gidi ni kí o béèrè, kì í ṣe orúkọ lára ilẹ̀kùn. Kí iye ìpín náà àti ọjọ́ tí yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ wà nínú ìwé. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa sì máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún. Ní kí ó kọ ẹni tí yóò san owó ìsọdọ̀tun tìrẹ sínú àdéhùn, torí àwọn ọ̀gá kan máa ń yọ ọ́ nínú owó oṣù láìsọ.